Lucio Battisti àti Àwo Orin Ìkẹyìn Rẹ̀: Akọrin Tí Ó Kọ Ègbè Sílẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ìtàn kan wà ní ilẹ̀ Ítálì tí ó bá òwe yìí mu gan-an. Ìtàn olórin kan ni, tí gbogbo ìlú fẹ́ràn, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ìkẹyìn já àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kulẹ̀.

Ní ọdún 1994, àwo orin kan jáde ní ilẹ̀ náà. Funfun ni èèpo rẹ̀. Lẹ́tà E kan ṣoṣo ni ó dá dúró lójú rẹ̀. Kò sí àwòrán akọrin níbẹ̀. Hegel ni wọ́n pe orúkọ àwo náà, èyí tí í ṣe orúkọ amòye kan ní ilẹ̀ Jámánì tí ó gbé ayé láàárín ọdún 1770 sí 1831. Ẹni tí ó kọ àwọn orin inú rẹ̀ ni Lucio Battisti, ọkùnrin tí orin rẹ̀ ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ní Ítálì láti nǹkan bí ọdún 25 ṣáájú àkókò náà.

Púpọ̀ nínú àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ni kò rí ohun tí wọn yóò dì mú nínú àwo yìí. Kò sí ègbè tí ènìyàn lè bá a gbè. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ta kókó, ìlù rẹ̀ sì jẹ́ ìlù ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, Battisti kú ní ìlú Milan ní ẹni ọdún 55, láìtún gbé àwo mìíràn jáde. Báyìí ni ó fi ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Kí ni ó fa èyí? Ṣé agbára ni ó tán nínú akọrin ni, àbí etí àwọn olùgbọ́ ni ó di? Àbí ohun mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà? Kí a tó lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí akọrin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà Èwe àti Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ọdún 1943 ni a bí Lucio Battisti ní Poggio Bustone, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè ní agbègbè Rieti, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú Róòmù. Òṣìṣẹ́ tí ń gba owó ibodè ni baba rẹ̀. Nígbà tí Lucio ṣì kéré, ìdílé náà kó lọ sí Róòmù. Ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n gìtá ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ olórin kan tí a ń pè ní I Campioni lọ sí Milan. Àwọn ni wọ́n ń lu ìlù àti ohun èlò orin lẹ́yìn Tony Dallara, akọrin tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà.

Ní ọdún 1965, Battisti pàdé ọkùnrin kan tí yóò yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Giulio Rapetti ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Mogol ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i ní Milan, iṣẹ́ tí ó sì yàn láàyò ni kíkọ ọ̀rọ̀ sí orin àwọn ẹlòmíràn. Mogol fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn orin tí Battisti kọ́kọ́ gbé wá kò wú òun lórí. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó gbà pé òótọ́ ni ọ̀gá náà sọ, ìwà ìrẹ̀lẹ̀ yìí sì mú kí Mogol gbà láti bá a ṣiṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ orin tí àwọn méjèèjì bá jọ ṣe. Ẹgbẹ́ olórin Equipe 84 kọ 29 settembre ní ọdún 1967, orin náà sì tàn káàkiri. Mogol ni ó rọ Battisti pé kí ó máa fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orin rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò rọrùn láti gbà, nítorí pé ohùn Battisti kò dán bí ohùn àwọn akọrin tí àwọn ará Ítálì ti mọ̀. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó sì máa ń dà bí ẹni tí ohùn fẹ́ gé mọ́ lẹ́nu bí ó bá gbé e sókè. Ohùn àwọn akọrin aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn bí Ray Charles àti Otis Redding, ni ó fẹ́ràn.

Ní ọdún 1969, ó lọ sí ìdíje orin ìlú Sanremo, èyí tí í ṣe àjọ̀dún orin tí ó lókìkí jù ní Ítálì. Òfin ìdíje náà nígbà náà ni pé kí akọrin méjì kọ orin kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Battisti kọ Un'avventura. Ẹni kejì tí ó kọ ọ́ ni Wilson Pickett, akọrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Àwọn lámèyítọ́ kan bu ẹnu àtẹ́ lu ohùn Battisti, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ gba tirẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni ó dúró lórí ìtàgé ìdíje yẹn gẹ́gẹ́ bí akọrin. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn níhìn-ín ni pé láti ọjọ́ tí Battisti ti gbé ẹsẹ̀ sókè ni àwọn kan ti ń sọ pé kò mọ orin kọ. Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí etí máa ń pẹ́ kí ó tó gba ohun tuntun.

Àjọṣe Battisti àti Mogol

Àwọn ará Ítálì ní orúkọ kan, cantautore, tí wọ́n ń pe akọrin tí ó ń fúnra rẹ̀ kọ orin rẹ̀. Fabrizio De André, Francesco Guccini àti Francesco De Gregori wà nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lára wọn. Wọ́n máa ń ka Battisti mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ipò tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: òun ni ó ni ohùn orin, ẹlòmíràn ni ó ni ọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀ lórí èyí fún ẹni tí ó mọ orin Yorùbá. Nínú èdè Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń darí ohùn orin. Bí olórin bá gbé ohùn òkè lé sílébù tí ohùn ìsàlẹ̀ tọ́ sí, ìtumọ̀ lè dàrú. Èdè Ítálì kì í ṣe èdè olóhùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó ṣe é ṣe kí ẹnì kan kọ́kọ́ dá ohùn orin láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Battisti àti Mogol ṣe ń ṣe é. Battisti yóò gbé gìtá, yóò dá ohùn. Mogol yóò tẹ́tí sí i, yóò sì wá ọ̀rọ̀ tí ohùn náà ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí Mogol ń wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àkàwé. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nínú ilé àti lójú ọ̀nà ni: ìfẹ́ tí ó dùn, ìfẹ́ tí ó korò, owú, ìrántí ìgbà èwe, ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù tó parí. Láti inú àjọṣe yìí ni Emozioni ti jáde ní ọdún 1970, La canzone del sole ní ọdún 1971, I giardini di marzo àti Il mio canto libero ní ọdún 1972. Orin tí à ń pè ní La canzone del sole rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di orin tí àwọn ọ̀dọ́ Ítálì fi ń kọ́ gìtá títí di òní. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, Battisti bá Mina, gbajúgbajà akọrin-bìnrin, kọrin pọ̀ nínú ètò Teatro 10 lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tí wọ́n wo ètò náà kò gbàgbé rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Ìjà òṣèlú gbóná ní Ítálì ní àkókò yẹn, bọ́ǹbù ń dún, ìpànìyàn sì ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé akọrin gbọ́dọ̀ gbèjà mẹ̀kúnnù nínú orin rẹ̀. Wọ́n dá Battisti lẹ́bi pé ìfẹ́ nìkan ni ó ń kọ. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó ń gbọ́ orin rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1974 tí ó yẹ kí òpìtàn fi àmì sí. Lẹ́yìn ìrìn àjò kan tí Battisti àti Mogol rìn lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, àwo Anima latina jáde. Àwọn orin rẹ̀ gùn, ìlù pọ̀ nínú rẹ̀, ohùn akọrin sì rì sáàárín ohun èlò orin débi pé olùgbọ́ gbọ́dọ̀ fetí sílẹ̀ gidigidi kí ó tó mọ ohun tí a ń sọ. Nígbà tí akọ̀ròyìn bi Battisti léèrè, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí olùgbọ́ lè sapá láti bá òun dé ibi tí òun ń lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé òjijì ni Battisti yí padà ní ìgbẹ̀yìn kò ka ìtàn rẹ̀ dáadáa. Ogún ọdún kí Hegel tó jáde ni ó ti ń dán sùúrù àwọn olùgbọ́ wò.

Ìyàsọ́tọ̀ àti Ìpínyà

Battisti kò fẹ́ràn orí ìtàgé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ó ti ń dín eré ṣíṣe níwájú ogunlọ́gọ̀ kù, títí tí kò fi ṣe é mọ́. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ẹ̀wádún náà, kò bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìdí tí ó fún wọn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ olórin nìkan ni ó yẹ kí ó máa sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn akọ̀ròyìn ń lúgọ dè é, àwọn ayàwòrán ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò dá wọn lóhùn.

Lákòókò tí ojú rẹ̀ kò sí níta yìí náà ni orin rẹ̀ tún ń tà sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti lọ ṣe Una donna per amico, èyí tí ó jáde ní ọdún 1978, tí Geoff Westley sì bá a tò. Àwo yìí wà lára àwọn tí ó tà jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1980, Una giornata uggiosa tẹ̀ lé e. Òun ni ó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ tí Battisti àti Mogol jọ ṣe. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí Mogol ṣe lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe máa pín owó orin ni ó dá wọn ní ọ̀nà.

Ní ọdún 1982, Battisti gbé E già jáde. Grazia Letizia Veronese, aya rẹ̀, ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn ohun èlò orin tí ó kún inú àwọn àwo ìṣáájú ti lọ; ẹ̀rọ oníná ni ó rọ́pò wọn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò nínú ilé àtijọ́ ni èyí jẹ́.

Panella àti Àwọn Àwo Funfun Márùn-ún

Ẹni tí ó tún wá bá Battisti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn èyí ni Pasquale Panella, akéwì ará Róòmù tí wọ́n bí ní ọdún 1950. Àwo márùn-ún ni àwọn méjèèjì jọ ṣe: Don Giovanni ní ọdún 1986, L'apparenza ní ọdún 1988, La sposa occidentale ní ọdún 1990, Cosa succederà alla ragazza ní ọdún 1992, àti Hegel ní ọdún 1994. Orin mẹ́jọ mẹ́jọ ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí bí èèpo wọn ṣe rí, àwọn ará Ítálì ń pè wọ́n ní àwọn àwo funfun.

Ọ̀rọ̀ Panella yàtọ̀ sí ti Mogol bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Mogol máa ń sọ ìtàn: ọkùnrin kan, obìnrin kan, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Panella kì í sọ ìtàn. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ó ń gé àṣàyàn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí méjì kí ó lè so ìdajì rẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, ó sì ń fi ìró kan pe ìró kejì. Olùgbọ́ lè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì mọ ohun tí gbólóhùn náà ń wí.

Síbẹ̀, Don Giovanni kò já àwọn ènìyàn kulẹ̀. Wọ́n rà á, ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ sì yìn ín. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nínú àwo náà, ohùn orin ni ó kọ́kọ́ wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà Mogol, Panella sì ní láti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá a mu. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ ṣókùnkùn, ohùn orin di olùgbọ́ lọ́wọ́ mú. Greg Walsh tí ó darí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ tún jẹ́ kí ohun èlò orin gidi àti ẹ̀rọ jọ wà níbẹ̀.

Láti orí L'apparenza, ètò náà yí padà. Panella yóò kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀, Battisti yóò sì wá ohùn tí yóò gbé e. Ègbè kò sí mọ́. Orin a máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí odò tí kò ní èbúté. Bí àwo kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí ń rà á ń dín kù.

Àwo Tí À Ń Pè Ní Hegel

Àwọn tí wọ́n ti ka ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà mọ orúkọ Hegel dáadáa. Òun ni amòye tí ó sọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà kò ní ìtàn, ọ̀rọ̀ tí àwọn òpìtàn ti já nírọ́ tipẹ́tipẹ́. Ìhà ibẹ̀ kọ́ ni Battisti àti Panella kọjú sí. Hegel tún ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó lókìkí nípa ẹwà àti iṣẹ́ ọnà, ọ̀kan nínú àwọn orin mẹ́jọ inú àwo yìí sì ń jẹ́ Estetica, èyí tí í ṣe ìmọ̀ nípa ẹwà. Òmíràn ń jẹ́ Tubinga, orúkọ tí àwọn ará Ítálì ń pe ìlú Tübingen ní Jámánì, níbi tí Hegel ti kàwé nígbà èwe rẹ̀ pẹ̀lú Schelling àti Hölderlin. Orin kan ń jẹ́ La bellezza riunita, ẹwà tí a kó jọ padà. Òmíràn ń jẹ́ La voce del viso, ohùn ojú.

Ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin kò tán nínú àwọn orin náà, ṣùgbọ́n ó fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọgbọ́n orí. Andy Duncan, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó bá Battisti darí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún àwo tí ó ṣáájú. Ìlù ẹ̀rọ ń lù ní déédéé, bí èyí tí wọ́n ń lù nílé ijó àwọn ọ̀dọ́ ní ìgbà náà. Lórí ìlù náà ni ohùn Battisti ń sáré tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀. Kò ké, kò bẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ohùn tí ó há, tí ó kún fún ìmọ̀lára, tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn láti ọdún 1969, ti di ohùn ẹni tí ń ka ìwé jáde.

Èrò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Nípa Rẹ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan wà ní Ítálì, nígbà náà àti títí di òní, tí wọ́n gbà pé àwọn àwo funfun ni òkè téńté iṣẹ́ Battisti. Wọ́n ní ó ṣe ohun tí àwọn akọrin tí ó ti lówó kì í sábà ṣe: ó fi ojú rere ayé sílẹ̀ láti wá ohun tuntun. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn ní Ítálì tí ó kọ orin bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fi sùúrù gbọ́ Hegel lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò rí ẹwà inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé ọpọlọ Battisti ti kú ní ọdún 1994 kò sọ òtítọ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n pé ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan kò sọ nǹkan náà di rere. Ohun mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí tí ó mú kí àwo náà jánikulẹ̀.

Èkíní ni pé ìyàlẹ́nu ti di àṣà. Ní ọdún 1986, ohun tí Battisti àti Panella ṣe ya ayé lẹ́nu. Nígbà tí ó di ọdún 1994, olùgbọ́ ti mọ ohun tí yóò bá pàdé kí ó tó ṣí àwo: èèpo funfun, orin mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ adììtú, kò sí ègbè. Ẹni tí ó sá kúrò nínú àṣà àtijọ́ ti kọ́ ilé àṣà mìíràn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Láàárín ọdún 1969 sí 1980, kò sí àwo Battisti méjì tí ó jọra. Láàárín ọdún 1988 sí 1994, ó ṣòro fún ẹni tí kò gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀ láti mọ èyí tí ó ṣáájú.

Èkejì ni ipò ọ̀rọ̀ àti ohùn. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún Battisti jù lọ ni dídá ohùn orin. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọ́kọ́ wà, tí ó pọ̀, tí ó sì le, ohùn orin kò ní àyè láti nà tàn. Ọ̀gá di ẹrù sí abẹ́ ẹrú. Kì í ṣe ẹ̀bi Panella pé ó kọ ewì rẹ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n kọ. Battisti ni ó yọ̀ǹda kí ewì gùn ún lórí.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó sì wúwo jù, ni ọ̀rọ̀ ègbè. Àwọn kan lè bi wá pé, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ ni kò dára ni? Rárá. Ẹsẹ Ifá jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mìíràn sì pamọ́ fún ọ̀gbẹ̀rì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn babaláwo wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ awo, tí wọ́n sì ń dáhùn bí a bá ń ki í. Oríkì jinlẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí à ń kì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, orí rẹ̀ sì ń wú. Ìjìnlẹ̀ tí ó ní àwọn tí ó jọ ni ín kì í lé ènìyàn sẹ́yìn. Ìjìnlẹ̀ Hegel kò ní ẹgbẹ́ tí ń dáhùn. Battisti ti kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ kúrò lórí ìtàgé, lẹ́yìn náà ó mú ojú rẹ̀ kúrò lára èèpo àwo, ó mú ohùn rẹ̀ kúrò lórí rédíò gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù láàárín òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ègbè, ibi tí àwọn náà ti lè da ẹnu pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó mú ìyẹn náà kúrò, kò sí ibi tí wọ́n tún ti lè pàdé mọ́. Ohun tí ó dun àwọn ènìyàn nìyẹn. Wọn kò kọ orin tuntun. Wọ́n wá ipò tiwọn nínú rẹ̀, wọn kò sì rí i.

Ikú Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Tẹ̀ Lé E

Fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Hegel, kò sí ohun tí a gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Battisti. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ìròyìn tàn pé ó wà nílé ìwòsàn ní Milan. Nígbà tí ó kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo Ítálì ni ó kẹ́dùn. Ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń lu orin rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní ìlú kékeré Molteno, níbi tí ó ń gbé, ènìyàn díẹ̀ ni àwọn ẹbí gbà láyè níbi ìsìnkú rẹ̀. Mogol wà lára wọn.

Orin ìgbà Mogol ni àwọn ènìyàn ń kọ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn ẹjọ́ tí ó pẹ́, àwọn orin ìgbà Mogol wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ìgbàlódé gbọ́ orin. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yàn fún un, ọjọ́ tí orin àkọ́kọ́ tí ó sọ wọ́n di olókìkí fi ṣe orúkọ. Àwọn tí kò tíì dáyé nígbà tí Battisti kú wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí bàbá bàbá wọn kọ.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú gbogbo ohun tí a ti wò yìí, ó hàn gbangba pé àwo ìkẹyìn Lucio Battisti kì í ṣe àwo ẹni tí ọgbọ́n tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo ẹni tí ó yan ọ̀nà kan ni, tí ó sì tọ̀ ọ́ dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a dé mọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti yàn án, nítorí akọrin kì í ṣe ẹrú àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó dun àwọn, nítorí àwọn ni wọ́n ti ń gbe orin rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Òpìtàn tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ẹnì kan tẹ ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò lè rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí a bá gbọ́ pé iṣẹ́ àgbà òǹkọ̀wé tàbí àgbà olórin kan kò dára mọ́, kí a má ṣe yára sọ pé ogbó ni. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó mú kúrò, ìdí tí ó fi mú un kúrò, àti ẹni tí ohun náà jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti Battisti, ègbè ni ó mú kúrò, ègbè kì í sì í ṣe ti akọrin nìkan.

Onírèsé ti kọ̀, kò fíngbá mọ́ bí àwọn ará ọjà ṣe fẹ́. Igbá tí ó ti fín sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fi í bu omi mu.